Ẹ̀kọ́ Mẹ́wàá ní Iléèwé 85: Àkọsílẹ̀ Ìwádìí Ìfarabalẹ̀-Kíyèsí Láàárín Àwọn Ọmọ Ìlú Ọba

Ní oṣù Keje ọdún 2022, àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n fi Yunifásítì Oxford ṣe ibùdó gbé èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ti ń ṣe bọ̀ láti ọdún 2015. Iléèwé girama 85 ní Ìlú Ọba ló kópa nínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 8,376 ni wọ́n sì tọpa wọn. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá kíkọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà ní ìfarabalẹ̀-kíyèsí, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní mindfulness, yóò dáàbò bo ọkàn wọn lọ́wọ́ ìsoríkọ́ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Èsì tí wọ́n rí kò gba gbólóhùn méjì: ẹ̀kọ́ náà kò ṣe ju ohun tí àwọn iléèwé ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka gbólóhùn yẹn, wọ́n sì pa ìwé dé. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kò bá lára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ ní àwọn ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dídùn lásán ni. Àwọn tí wọ́n ń fi kíkọ́ rẹ̀ jẹun sì ní ọwọ́ tí wọ́n fi mú un níléèwé ni kò dára. Lójú tèmi, ìhà méjèèjì ti yára jù. Ìwádìí náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ MYRIAD, wà lára èyí tí wọ́n fi ìṣọ́ra ṣe jù lọ nínú irú iṣẹ́ yìí, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ nípa ibi tí ìfarabalẹ̀-kíyèsí ti ń wúlò àti ibi tí kò ti wúlò ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ. N ó to ìṣẹ̀lẹ̀ náà bí ó ṣe wáyé.

Kí a tó dé iléèwé, ó yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀. Ènìyàn á jókòó tàbí kí ó dùbúlẹ̀, á fi ọkàn sí èémí rẹ̀ bí ó ṣe ń wọlé tí ó sì ń jáde, tàbí sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó ṣe kan ilẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ọkàn yóò fi rìn lọ sídìí gbèsè tí kò tíì san, tàbí sídìí ọ̀rọ̀ kòbákùngbé tí aládùúgbò sọ lánàá. Ní kété tí ó bá ti fura pé ọkàn ti lọ, yóò dá a padà sídìí èémí láìbú ara rẹ̀. Fífura yẹn àti dídá padà yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà, débi pé ẹni tó bá dá ọkàn rẹ̀ padà nígbà 50 láàárín ìdajì wákàtí kò kùnà rárá, iṣẹ́ ló ń ṣe. Inú ẹ̀sìn Búdà ni àṣà yìí ti wá. Ní ọdún 1979, Jon Kabat-Zinn, ẹni tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ nípa ohun alààyè ní yunifásítì MIT, bọ́ ẹ̀wù ẹ̀sìn kúrò lára àṣà yìí, ó sì sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ fún àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts ní ìlú Worcester, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, ẹ̀kọ́ náà wá fìdí múlẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ: ìpàdé kan lọ́sẹ̀, àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 tí oníkálukú yóò máa fi ṣe é nílé lójoojúmọ́. Kí ẹni tó ń ka ìwé yìí fi ìṣẹ́jú 45 yẹn sọ́kàn, nítorí pé a máa padà sórí rẹ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ Kabat-Zinn ni àwọn tí ìrora ti di ará ilé fún, tí àwọn dókítà ti gbìyànjú lórí wọn títí. Nínú àkọsílẹ̀ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1982 lórí aláìsàn 51, nǹkan bí ìdá 65 nínú 100 wọn sọ pé ìrora àwọn dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta ó kéré tán. Kò sí ẹgbẹ́ àfiwé, ìyẹn àwọn tí kò gba ẹ̀kọ́ náà tí a lè fi wọ́n wé, nínú iṣẹ́ yẹn, nítorí náà ènìyàn kò lè búra lé e lórí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí ní ìpínlẹ̀ Washington fi ìbò, láìṣa ẹnikẹ́ni yàn, pín àgbàlagbà 342 tí ẹ̀yìn ń dùn sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n sì rí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 26 pé ìdá 60.5 nínú 100 àwọn tó kọ́ ìfarabalẹ̀-kíyèsí ló ti ń lè ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ wọn dáadáa ju ti àtẹ̀yìnwá, nígbà tí ó jẹ́ ìdá 44.1 nínú àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ sí ìtọ́jú tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn kò kéré. Ẹ̀yìn wọn kò di ti ọmọ ogún ọdún, ṣùgbọ́n wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń dìde.

Ní ti àìsàn ọpọlọ, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá mẹ́ta, Zindel Segal, Mark Williams àti John Teasdale, ló sún ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ìsoríkọ́. Ìsoríkọ́ jẹ́ àìsàn tó máa ń padà wá, tí ó sì jẹ́ pé bí ó bá ṣe ń dá ènìyàn wólẹ̀ léraléra ni ọ̀nà tí yóò tún gbà dé ń gbòòrò sí i. Ìwádìí tí àwọn mẹ́ta yìí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní ọdún 2000 kan ènìyàn 145 tí ara wọn ti yá. Nínú àwọn tí ìsoríkọ́ ti kọlù lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó padà dé bá ìdá 66 nínú 100 àwọn tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n ìdá 37 péré ló padà dé bá nínú àwọn tó kọ́ ọ. Àwọn tí ó ti kọlù lẹ́ẹ̀mejì péré kò rí èrè kankan nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kí a sàmì sí ìdí gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, torí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ẹ̀rí ti wà pé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ẹ̀wù tó bá gbogbo ọrùn mu. Ní ọdún 2004, NICE, àjọ tó ń tọ́ àwọn oníṣègùn Ìlú Ọba sọ́nà lórí ìtọ́jú tó yẹ, fọwọ́ sí i fún irú àwọn aláìsàn tí ìsoríkọ́ ti ń padà bá yìí. Nígbà tó sì di ọdún 2015, Willem Kuyken, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, darí ìwádìí kan lórí ènìyàn 424, nínú èyí tí wọ́n ti fi ẹ̀kọ́ náà wé òògùn ìsoríkọ́ fún ọdún méjì: àìsàn padà bá ìdá 44 nínú 100 àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ náà, ó sì padà bá ìdá 47 àwọn tó ń lo òògùn lọ. Kò borí òògùn bí àwọn kan ti retí, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá kan náà.

Kuyken yìí kan náà ló wá darí MYRIAD, Mark Williams sì wà pẹ̀lú rẹ̀, àti Sarah-Jayne Blakemore tó mọ̀ nípa ọpọlọ àwọn ọ̀dọ́, Tamsin Ford tó jẹ́ oníṣègùn ọpọlọ àwọn ọmọdé, àti Tim Dalgleish láti Cambridge. Èrò tó wà lọ́kàn wọn bọ́gbọ́n mu. A ti mọ̀ pé nǹkan bí ìdajì gbogbo àìsàn ọpọlọ tó máa ń bá ènìyàn jà láyé ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 14. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tó ń di ìsoríkọ́ lọ́nà nígbà tí àgbàlagbà ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta ni pé ó ti mọ bí a ṣe ń fura sí ọkàn tó ń ṣáko lọ, kí ló dé tí a kò ní kọ́ ọmọ ọdún 12 ní irú ìfura bẹ́ẹ̀ kí ó tó ṣubú rárá? Àjọ Wellcome, tó máa ń fi owó ti ìwádìí ìlera lẹ́yìn, ya mílíọ̀nù 6.4 pọ́n-ùn sọ́tọ̀ fún un.

Ẹ̀rí ìṣáájú sì wà. Ní ọdún 2013, Kuyken àti àwọn mìíràn ti kọ nípa ọmọ 522 ní iléèwé 12, níbi tí àwọn ọmọ tó kọ́ ẹ̀kọ́ náà ti ní àmì ìsoríkọ́ tó kéré sí ti àwọn tí kò kọ́ ọ, tí másùnmáwo wọn sì dín kù lásìkò ìdánwò. Àmọ́ wọn kò fi ìbò pín àwọn iléèwé yẹn. Àwọn iléèwé tí olùkọ́ wọn ti fẹ́ràn ẹ̀kọ́ náà ló gbà á, àwọn yòókù sì dúró gẹ́gẹ́ bí àfiwé, ìyẹn kò sì jẹ́ ká lè mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ ló ṣiṣẹ́ ni tàbí olùkọ́ tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n lò ni wọ́n ń pè ní .b, tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé kí ọmọ dúró díẹ̀, kí ó sì kàn wà níbi tí ó wà. Àwọn olùkọ́ méjì tí wọ́n ń jẹ́ Richard Burnett àti Chris Cullen wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, wọ́n sì mọ irú ẹni tí àwọn ń bá sọ̀rọ̀, nítorí pé eré àti àwòrán kún inú rẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ láti fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kí wọ́n fi ìdí lé àga, kí wọ́n sì fi ọkàn sí bí àwọn méjèèjì ṣe rí lára. Wọ́n kọ́ wọn láti fa èémí sínú bí wọ́n bá ṣe ń ka ení dé èje, kí wọ́n sì tú u síta bí wọ́n bá ṣe ń kà á dé oókànlá. Èyí tí wọ́n ń ṣe lórí ibùsùn tún wà, fún ọmọ tí oorun kò bá tètè kùn. Ẹ̀kọ́ mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀, àkókò tí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sì ń gbà kò ju ti ìṣirò tàbí ìtàn lọ. Kò sí orúkọ òrìṣà kankan nínú rẹ̀, kò sí àdúrà; mo sọ èyí nítorí mo mọ̀ pé àwọn òbí wa kan tó ń gbé ní Ìlú Ọba máa ń kọminú nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ àwọn ń dijú ní kíláàsì.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ìwádìí náà ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Iléèwé ni wọ́n fi ìbò pín, wọn kò pín àwọn ọmọ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé bí ọmọ méjì bá wà ní kíláàsì kan náà, ohun tí wọ́n kọ́ ọ̀kan yóò ta sí ìkejì létí. Kí ìbò náà má baà gbè sẹ́yìn ibì kan, wọ́n wo bí iléèwé ṣe tóbi tó, irú iléèwé tí ó jẹ́, bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dára sí, bí òṣì ṣe pọ̀ tó láàárín àwọn tó ń lọ síbẹ̀, àti agbègbè tí ó wà. Ìdajì kan gba ẹ̀kọ́ .b. Ìdajì kejì ń bá ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń ṣe lọ, ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé àwọn yìí kò káwọ́ gbera. Iléèwé tí wọ́n mú ní láti jẹ́ èyí tó ti ń kọ́ ọmọ nípa bí a ṣe ń mọ ìmọ̀lára ẹni àti bí a ṣe ń bá ẹlòmíràn gbé ní àlàáfíà. Nítorí náà, ìbéèrè tí ìwádìí náà ń bi kì í ṣe bóyá ìfarabalẹ̀-kíyèsí sàn ju kí a má kọ́ ọmọ ní nǹkan kan lọ. Ó ń bi bóyá ó sàn ju iṣẹ́ tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ ti ń ṣe lọ. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kò rántí kọ èyí.

Ní ti àwọn olùkọ́, wọn kò kàn fún wọn níwèé pé kí wọ́n máa kà á fún ọmọ. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ jókòó gba ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ fún ara tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kọ́ ọ bí yóò ṣe kọ́ ọmọ. Ẹni tí kò wọ odò kò lè kọ́ni lúwẹ̀ẹ́.

Ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, wọ́n fún àwọn ọmọ ní fọ́ọ̀mù ìbéèrè lórí nǹkan mẹ́ta: bí ewu ìsoríkọ́ ṣe súnmọ́ wọn tó, bí ìwà àti ìmọ̀lára wọn ṣe rí láàárín ẹgbẹ́, àti bí ara ṣe ń dẹ̀ wọ́n tó. Lórí òṣùwọ̀n tí àwọn oníwádìí ń lò, níbi tí 0.2 ti jẹ́ ìyàtọ̀ kékeré, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìhà méjèèjì jẹ́ 0.005 lórí ìsoríkọ́, 0.02 lórí ìwà àti ìmọ̀lára, àti 0.02 lórí àlàáfíà ọkàn. Òfo ni a ń pe ìyẹn ní èdè wa. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọmọ 80 ni wọ́n wò, ènìyàn lè sọ pé òṣùwọ̀n ni kò gún régé. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ tó lé ní 8,000, ohun tó bá wà níbẹ̀ yóò fojú hàn.

Nǹkan méjì mìíràn wà nínú àwọn ìwé tó bá èsì náà jáde tí ó yẹ kí a gbọ́. Èkínní ni ti àwọn olùkọ́. Àwọn tó wà ní iléèwé .b sọ pé àárẹ̀ iṣẹ́ tó ń mu wọ́n lómi dín kù lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sì rí àyípadà sí rere nínú bí àwọn ènìyàn ṣe ń bá ara wọn lò nínú ọgbà iléèwé. Lẹ́yìn ọdún kan, púpọ̀ nínú èrè yẹn ti ṣí lọ. Ẹ̀kejì ló wúwo jù lọ́kàn mi. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti ní ìnira ọkàn kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ènìyàn ì bá rò pé tìtorí wọn gan-an ni wọ́n ṣe gbé e wá, kò jàǹfààní. Ní ọ̀nà mélòó kan, ipò wọn tilẹ̀ burú díẹ̀ ju ti irú wọn ní àwọn iléèwé kejì. Wọn kò rí ìpalára ńlá kan tí wọ́n lè na ìka sí, ìyàtọ̀ náà kò sì tóbi, ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí fúnra wọn ní kò yẹ kí a máa fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀kọ́ yìí ní ìrísí tí ó wà. Bí mo ṣe rò ó rèé, èrò tèmi sì ni: àgbàlagbà tí wọ́n bá ní kí ó wo inú ọkàn rẹ̀, tí ó sì bá ohun tó bani lẹ́rù níbẹ̀, ní olùkọ́ kan níwájú rẹ̀ tí ó mọ̀ ọ́n lórúkọ, pẹ̀lú èèyàn bíi mẹ́wàá tí ojú wọn ti rí irú rẹ̀. Ọmọ ọdún 12 tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún láàárín ọmọ 30, tí aago yóò sì lù kí ó tó lè sọ ohun tó rí, ibo ni yóò gbé e gbà?

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ìṣẹ́jú 45 yẹn. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn ní Washington àti ẹni tí ìsoríkọ́ ti dá wólẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní Toronto tàbí Cambridge, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn wá. Ìyà tó ń jẹ wọ́n ló ń jí wọn láàárọ̀ láti jókòó. Àwọn ọmọ MYRIAD kò wá. Ètò ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló gbé e kò wọ́n lójú. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní àìsàn kan tí wọ́n fẹ́ kí ó lọ. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣe é nílé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é rárá. Àwọn kan sọ pé ó dùn mọ́ àwọn, àwọn mìíràn sọ pé ó sú àwọn, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọdún 12 ti máa ń sọ nípa ohun gbogbo. Àgbo wà nínú ìkòkò, wọ́n gbé e síwájú ọmọ, ọmọ sì fi ahọ́n kàn án lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nígbà tí tíṣà ń wò ó. Mi ò rí bí a ṣe lè fi ìyẹn dá ewé àti egbò lẹ́bi. Bákan náà, mi ò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé bí àwọn ọmọ bá ṣe é dáadáa ni, ì bá ti ṣiṣẹ́, nítorí pé ohun tí àwọn ọmọ kò ní gbà láti ṣe kò lè jẹ́ ìtọ́jú fún gbogbo iléèwé, bó ti wù kó dára tó nínú ìwé.

Ìkánjú tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kejì ọdún 2019, nígbà tí MYRIAD ṣì ń lọ lọ́wọ́, ìjọba kéde pé iléèwé tó tó 370 ní England yóò kópa nínú ètò àyẹ̀wò mìíràn, tí ìfarabalẹ̀-kíyèsí àti mímí èémí wà nínú ohun tí wọn yóò dán wò. Wọ́n pè é ní ìdánwò lóòótọ́, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n àwọn iléèwé mìíràn ti ń ra ẹ̀kọ́ náà fúnra wọn láti ìgbà pípẹ́, láìdúró de ẹnikẹ́ni, torí pé ọkàn àwọn ọmọ kò balẹ̀, àwọn òbí ń béèrè, ohun tó sì wà lọ́jà nìyẹn.

Nínú àwọn àkọsílẹ̀ ìṣáájú tí wọ́n fi ìsọfúnni MYRIAD ṣe, ohun kan wà tí kò dún bí àgbá nínú ìròyìn. Wọ́n rí i pé iléèwé tí ọmọ ń lọ kò dá ìyàtọ̀ tó pọ̀ sílẹ̀ nínú ìlera ọkàn rẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí àwọn ọmọ bá ti sọ pé afẹ́fẹ́ inú iléèwé dára, tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn, ọkàn àwọn ọmọ níbẹ̀ sàn jù. Bí mo bá jẹ́ ọ̀gá iléèwé tí owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ǹ bá kọ́kọ́ wò, ǹ bá sì jẹ́ kí àwọn olùkọ́ tó bá fẹ́ ìfarabalẹ̀-kíyèsí fún ara wọn lọ kọ́ ọ, pẹ̀lú ìpàdé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀ kí ó má baà tún ṣí lọ lẹ́yìn ọdún kan. Ọmọ tó bá sì ń wá a fúnra rẹ̀ ńkọ́, ọmọ ọdún 16 tí kò rí oorun sùn nítorí ìdánwò? Èsì MYRIAD kò sọ̀rọ̀ nípa tirẹ̀. Nínú iṣẹ́ ọdún 2013, àwọn ọmọ tó ń ṣe é nílé dáadáa ni ara ń tù jù, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè mọ̀ bóyá ṣíṣe é ló mú ara tù wọ́n ni, tàbí àwọn tí ara ti ń tù tẹ́lẹ̀ ló ráyè ṣe é. Iléèwé ni wọ́n fi ìbò pín ní MYRIAD. Kì í ṣe àwọn ọmọ tó wá a fẹ́sẹ̀ ara wọn ni ìbò yẹn pín.